Àìsàn Tí Ń Gbéni Sókè, Tí Ń Gbéni Ṣánlẹ̀: Bí A Ṣe Lè Tètè Dá A Mọ̀

Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ sọ ní ìpàdé gbogbogbòò ti ẹ̀ka wa

  

Nínú ìpàdé wa, ọ̀rọ̀ owó oṣù, ófátáìmù àti owó ìfẹ̀yìntì ni a sábà máa ń sọ. Bí ẹ̀rọ bá gé ẹnìkan lọ́wọ́, gbogbo wa ni a ó dìde. Ṣùgbọ́n àìsàn kan wà tí kò ní ọgbẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì jáde níbẹ̀, tí ó ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rere. Wọ́n ní aláìgbọràn ni wọ́n, wọ́n ní ọ̀mùtí ni wọ́n, wọ́n ní ọ̀lẹ ni wọ́n, nígbà tí ó jẹ́ pé ara wọn ni kò yá. Àìsàn náà ni àwọn dókítà ń pè ní báípólà.

Kókó ọ̀rọ̀ wa lónìí kò ju ọ̀kan lọ. Àìsàn yìí sábà máa ń kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé. Ẹni tí ó bá ń ka iye wákàtí tí òun ń sùn, tí ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́, yóò gbọ́ ìró rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, yóò sì rí ààyè wá ìrànlọ́wọ́ kí ilé tó dàrú.

KÍ NI ÀÌSÀN NÁÀ?

Kò sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í yí. Inú wa a máa dùn bí owó bọ́nọ́ọ̀sì bá dé, inú wa a sì máa bàjẹ́ bí a bá pàdánù ènìyàn ẹni. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Báípólà ní apá méjì. Apá kìíní ni ìrusókè, nígbà tí ọkàn àti ara bá ń sáré ju bí ó ti yẹ lọ. Apá kejì ni ìrẹ̀wẹ̀sì, nígbà tí ohun gbogbo bá wó lulẹ̀. Láàrin méjèèjì, ẹni náà lè wà ní àlàáfíà fún oṣù tàbí ọdún, kí ó máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí gbogbo wa.

Ní ọdún 1899, dókítà ará Jámánì kan, Emil Kraepelin, ya àìsàn yìí sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn àìsàn ọpọlọ mìíràn, nítorí ó ṣàkíyèsí pé ó ń lọ, ó sì ń padà bọ̀. Kì í ṣe ilẹ̀ tiwa nìkan ni ó wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2019, nǹkan bí mílíọ̀nù 40 ènìyàn ni ó ní i káàkiri ayé. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà èwe, kí ènìyàn tó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó lè máa tọ ẹbí kan rìn. Kì í ràn bí ikọ́ ẹ̀gbẹ, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni.

ÀMÌ ÌRUSÓKÈ

Àmì tí ó ṣe pàtàkì jù ni oorun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣi èyí gbọ́. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ òru, a kì í sùn tó, ṣùgbọ́n ara máa ń ro wá, ojú máa ń wúwo, a ó sì máa wá ibi tí a ó fẹ̀yìn lélẹ̀. Ẹni tí ìrusókè bá mú, wákàtí 2 tàbí 3 ni yóò sùn, yóò sì jí pẹ̀lú ara yíyá gágá bí ẹni tí ó sùn di òwúrọ̀. Ibi tí ìyàtọ̀ wà nìyẹn: oorun kò tó, bẹ́ẹ̀ ni àárẹ̀ kò sí.

Lẹ́yìn oorun, ẹ wo ọ̀rọ̀ ẹnu. Yóò máa yára bí ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ já. Yóò ti ibi ọ̀rọ̀ kan fò sí òmíràn, ẹnikẹ́ni kò sì ní rí àyè dá sí i. Ẹ wo owó: ẹni tí ó ń ṣọ́ kọ́bọ̀ yóò máa fún gbogbo ayé lówó, yóò yá owó láti ra ohun tí kò wúlò fún un. Ẹ wo èrò rẹ̀ nípa ara rẹ̀: lójijì ó ti di ẹni tí yóò ra ilé iṣẹ́, tàbí wòlíì tí Ọlọ́run ń bá sọ̀rọ̀ lójúkojú. Ẹ wo inú rẹ̀: ó lè máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá takò ó, ìbínú yóò ru. Ẹ wo ìwà rẹ̀ lórí ìjókòó ọkọ̀: eré àsápajúdé, ìyàjú tí kò bójú mu. Ọ̀rọ̀ obìnrin tàbí ọkùnrin náà lè yí padà, kí ẹni tí ó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ di ẹni tí kò mọ̀ ọ́n mọ́.

Bí irú èyí bá bá ènìyàn fún ọjọ́ 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn dókítà a kà á sí ìrusókè gidi. Bí ó bá le débi pé ilé ìwòsàn di dandan, wọn kì í ka ọjọ́ mọ́. Irú kan tún wà tí kò le tó bẹ́ẹ̀, tí ó lè jẹ́ ọjọ́ 4. Èyí ni ó ń tan ènìyàn jẹ jù, nítorí pé àwọn ọ̀gá a máa fẹ́ràn rẹ̀. Òṣìṣẹ́ náà ń gba gbogbo ófátáìmù, ó ń ṣe iṣẹ́ ẹni méjì, kì í rẹ̀ ẹ́. A ó máa pè é ní akíkanjú, kò sì sí ẹni tí yóò bi í bóyá ó sùn lánàá.

ÀMÌ ÌRẸ̀WẸ̀SÌ

Bí ìrusókè bá lọ, ìrẹ̀wẹ̀sì lè tẹ̀lé e. Nígbà mìíràn òun ló máa ń kọ́kọ́ dé. Ohun tí ènìyàn fẹ́ràn kò ní dùn mọ́ ọn mọ́, ìbáà ṣe bọ́ọ̀lù, ìbáà ṣe ọmọ rẹ̀. Oúnjẹ yóò di igi lẹ́nu, tàbí kí ó máa jẹun ṣáá. Yóò máa jí ní agogo 3 òru, tàbí kí ó máa sùn ṣáá. Yóò máa fi ara rẹ̀ bú, yóò ní òun kò wúlò. Bí ó bá tó ọ̀sẹ̀ 2 tí kò lọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ mọ́.

Láàrin àwa Yorùbá, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sọ pé inú àwọn bàjẹ́. Ohun tí a máa ń sọ ni pé: “Orí mi ń gbóná.” “Nǹkan ń rìn mí lára.” “Àyà mi ń já.” A ó lo oògùn ibà, a ó lo àgbo, kò ní lọ. Bí ẹ bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí lẹ́nu ẹnìkan fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ẹ bi í nípa oorun rẹ̀ àti ọkàn rẹ̀.

Ó tún lè ṣẹlẹ̀ kí méjèèjì dé pọ̀: ara ń sáré, oorun kò sí, ọkàn sì dúdú. Ewu ìyẹn pọ̀ gan-an, nítorí ẹni tí ó ń ronú ikú tún ní agbára láti ṣe é.

OHUN TÍ KÀLẸ́ŃDÀ KAN ṢE

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀ràn kan ṣe àpẹẹrẹ. A kò ní dárúkọ ẹni náà, a kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ ni ó fún wa láyè láti sọ ọ́.

Ó ti darí ẹ̀rọ fún ọdún 9 láìgba kúẹ́rì kan. Nígbà tí ọjà yá, wọ́n fi í sí iṣẹ́ òru fún ọ̀sẹ̀ 6 léraléra. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dé ibi iṣẹ́ ní wákàtí 3 ṣáájú àkókò. Ó kọ ìwé ojú ewé 14 sí ọ̀gá àgbà lórí bí wọn yóò ṣe tún gbogbo ẹ̀rọ tò. Ó kó gbogbo owó rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ó fi ra bàtà fún gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń kí i kú ìnáwó. Ní ọjọ́ tí ọ̀gá kan ní kí ó dákẹ́, ó bú ọ̀gá náà, ó sì pa ẹ̀rọ. Wọ́n ní ó mu igbó, wọ́n lé e lójú ẹsẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ní kàlẹ́ńdà kan lára ògiri. Ó máa ń fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ òru, kí ó lè mọ ìgbà tí yóò se oúnjẹ. Nígbà tí ó rí i pé ọkọ òun kì í sùn lọ́sàn-án mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí kò bá sùn. Ìlà 11 ni ó ti wà níbẹ̀ kí ọ̀ràn náà tó ṣẹlẹ̀. Dókítà wo kàlẹ́ńdà náà dáadáa. Ó bi ìyàwó bóyá nǹkan ti ṣe ọkọ rẹ̀ rí. Ìyàwó rántí pé ní ọdún 4 sẹ́yìn, ó dùbúlẹ̀ fún oṣù 2, tí wọ́n ń tọ́jú ibà tí kò lọ. Nígbà náà ni dókítà so òkè mọ́ ilẹ̀.

Ìwé dókítà àti kàlẹ́ńdà náà ni ẹgbẹ́ gbé síwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí. Wọ́n fagi lé lílé tí wọ́n lé e, wọ́n sọ ọ́ di ìsinmi àìsàn. Iṣẹ́ ọ̀sán nìkan ni ó ń ṣe báyìí, ó sì ń tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ìlà pẹ́ńsùlù 11 ni ó fún ẹgbẹ́ ní ẹnu ọ̀rọ̀.

BÍ A ṢE Ń KỌ Ọ́ SÍLẸ̀

Ẹ ra ìwé kékeré kan tí ó lè wọ àpò. Ní òwúrọ̀ tàbí nígbà tí ẹ bá jí, ẹ kọ nǹkan 5 sílẹ̀. Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú 2 lọ.

Èkínní, wákàtí tí ẹ fi sùn. Ẹ̀kejì, bí ọkàn ti rí: 0 ni bí ó ti yẹ kí ó rí, òkè 1, òkè 2, òkè 3 bí ó bá ń ru, ilẹ̀ 1, ilẹ̀ 2, ilẹ̀ 3 bí ó bá ń wó. Ẹ̀kẹta, oògùn: ṣé ẹ lò ó àbí ẹ kò lò ó. Ẹ̀kẹrin, ohun tí ẹ mu: ọtí, páráàgà, obì, tàbí oògùn tí ń lé oorun. Ẹ̀karùn-ún, ohun tí ó ṣẹlẹ̀: ìyípadà iṣẹ́, ìnáwó, ìjà, òkú. Kí àwọn obìnrin fi nǹkan oṣù wọn kún un. Ojú ewé kan lè rí báyìí:

Ọjọ́ Ajé: oorun 7. Ọkàn 0. Oògùn, bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí ohun tuntun.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: oorun 6. Ọkàn 0. Oògùn, bẹ́ẹ̀ ni. Iṣẹ́ òru bẹ̀rẹ̀.
Ọjọ́rú: oorun 4. Ọkàn, òkè 1. Oògùn, rárá. Obì 3.
Ọjọ́bọ̀: oorun 3, kò sí àárẹ̀. Ọkàn, òkè 2. Oògùn, rárá. Ra fóònù 2.

Ẹni tí ó bá wo ojú ewé yìí kò nílò babaláwo láti sọ fún un pé nǹkan ń bọ̀. Ọjọ́rú ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìgbésẹ̀, kí a má dúró di ọjọ́ tí ìjà yóò ṣẹlẹ̀. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Àmì kálukú yàtọ̀. Ẹnìkan a máa kọrin lóru, ẹlòmíràn a máa pe àwọn ẹbí tí kò bá sọ̀rọ̀ láti ọdún pípẹ́. Nígbà tí ara bá le, kí ẹni náà jókòó pẹ̀lú ẹnìkan tí ó fọkàn tán, kí wọ́n kọ àmì 3 tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde lára rẹ̀, kí wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí wọn yóò ṣe bí wọ́n bá rí i: ta ni yóò mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, ta ni yóò bá a tọ́jú owó àti kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Ìdí tí a fi ń pe ẹnìkejì sí i ni pé ẹni tí ó wà nínú ìrusókè kì í mọ̀ pé ara òun kò yá. Lójú tirẹ̀, ara òun kò dá tó báyìí rí.

Ìwé náà jẹ́ ti ẹni tí ó ni í. Kì í ṣe ti ilé iṣẹ́, kì í ṣe ti ẹgbẹ́. Dókítà ni kí ẹ gbé e fún. Òun ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá báípólà ni, tàbí àìsàn mìíràn tí ó jọ ọ́, nítorí pé oògùn olóró àti àìsàn inú ara kan lè mú ènìyàn ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé náà kò lè rọ́pò dókítà.

OÒGÙN ÀTI ARA ÒṢÌṢẸ́

Ní ọdún 1949, dókítà ará Ọsirélíà kan, John Cade, lo lithium fún ènìyàn 10 tí ìrusókè mú, ó sì kọ àbájáde rẹ̀ jáde. Títí di òní, lithium wà lára àwọn oògùn tí ó dára jù fún àìsàn yìí. Ṣùgbọ́n ó ní òfin tirẹ̀, ó sì kan àwa tí ń làágùn. Ìwọ̀n tí ń wò ènìyàn sàn kò jìnnà sí ìwọ̀n tí ń pa ènìyàn lára, nítorí náà àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ṣe dandan lóòrèkóòrè. Bí òógùn bá pọ̀, bí ìgbẹ́ gbuuru tàbí èébì bá mú ènìyàn, oògùn náà lè pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ń lò ó ní ẹ̀gbẹ́ ààrò gbọ́dọ̀ máa mu omi dáadáa, kò sì gbọdọ̀ ṣàdédé yọwọ́ iyọ̀ kúrò nínú oúnjẹ.

Ohun mìíràn ni oògùn ara ríro. Ibuprofen àti diclofenac, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń rà ní gáréèjì bí ẹni ra gúgúrú, lè mú kí lithium pọ̀ jù lára. Ẹ bi dókítà kí ẹ tó gbé e mì. Bí ọwọ́ ẹni tí ń lo lithium bá ń gbọ̀n gidigidi, tí ó ń bì, tí ahọ́n rẹ̀ ń lọ́, tí ó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì lè sọ pé ó ti mutí yó. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé e lọ.

Oògùn mìíràn wà tí ń jẹ́ valproate. Ó lè ṣe ọmọ inú oyún ní jàǹbá. Kí ẹ̀yin ìyá àti àwọn ọ̀dọ́bìnrin wa sọ fún dókítà bí wọ́n bá lóyún tàbí bí wọ́n bá ń retí rẹ̀. Lórí gbogbo oògùn wọ̀nyí, ẹ má ṣe dá a dúró lójijì nítorí pé ara ti le. Àwọn kan nínú wọn a máa fa oorun, nítorí náà kí awakọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn má tíì di ọwọ́ ọkọ̀ mú títí dókítà yóò fi sọ pé ó yá.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ YÓÒ ṢE

Ní Abẹ́òkúta, ní ọdún 1954, Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Àrò. Àwọn aláìsàn ń gbé ní abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ oko pẹ̀lú àwọn ará abúlé. Ó fi han gbogbo ayé pé ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò yá kò gbọ́dọ̀ di ẹni ìtanù. A kì í fi ẹ̀wọ̀n de aláìsàn mọ́ igi. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Àrò, ó wà ní Yábà ní Èkó. Ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà ní UCH Ìbàdàn àti ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbàdúrà, kí ó gbàdúrà, ṣùgbọ́n kí ó lo oògùn rẹ̀ pẹ̀lú.

Òfin náà wà lẹ́yìn wa. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí Òfin Ìlera Ọpọlọ ti orílẹ̀-èdè, tí ó rọ́pò òfin àtijọ́ lórí àwọn tí wọ́n ń pè ní wèrè. Òfin tuntun náà kọ̀ pé kí a fi àìsàn ọpọlọ yan ẹnikẹ́ni sẹ́yìn níbi iṣẹ́. Òfin Òṣìṣẹ́ ti 1974 sì fún òṣìṣẹ́ ní owó ọjọ́ iṣẹ́ 12 nínú ọdún fún àìsàn tí dókítà bá kọ ìwé sí. Kò yọ àìsàn ọpọlọ sílẹ̀.

Nítorí náà, a dábàá nǹkan 3 fún ẹ̀ka yìí. Èkínní: bí òṣìṣẹ́ tí ó ní orúkọ rere bá ṣàdédé gba kúẹ́rì fún ìwà tí kò jọ tirẹ̀, kí aṣojú bi ará ilé rẹ̀ pé, “Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wákàtí mélòó ni ó ń sùn?” kí a tó wọ iwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí. Ẹ̀kejì: nínú àdéhùn tí a ó tún bá àwọn agbanisíṣẹ́ ṣe, kí ẹni tí dókítà bá kọ ìwé fún kúrò ní iṣẹ́ òru, kí awakọ̀ tí kò gbọdọ̀ wakọ̀ fún ìgbà díẹ̀ rí iṣẹ́ ṣe nílẹ̀, kí owó rẹ̀ má sì dín. Àìsùn a máa ru àìsàn yìí sókè. Èrò 14 tí ó wà nínú bọ́ọ̀sì náà ní ẹ̀mí. Ẹ̀kẹta: kí aṣojú di ẹnu rẹ̀ mú. Ọ̀rọ̀ àìsàn ẹgbẹ́ ẹni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé ìjẹun.

Ọ̀kan tí ó kù ni ó tóbi jù. Bí ẹnìkan bá ń sọ pé ó sàn kí òun kú, tí ó ń pín ẹrù rẹ̀, tí ó ń dágbére, ẹ má ṣe sọ pé àwàdà ni. Ẹ bi í gbangba bóyá ó ń ronú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Bíbéèrè kò ní fi èrò náà sí i nínú. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ kó májèlé àti oògùn kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, ìbáà jẹ́ òru.

Ẹ̀yin ará, ọwọ́ tí ẹ̀rọ gé, a lè fi ojú rí i. Ọkàn tí ń sáré kọjá agbára rẹ̀, ìwé kékeré ni a ó fi rí i. Ìwé náà kò wọ́n, pẹ́ńsùlù kò wọ́n. Kí olúkúlùkù wa tí ọ̀rọ̀ yìí kàn bẹ̀rẹ̀ láti alẹ́ òní, kí ẹni tí kò kàn sì máa ṣọ́ ẹnìkejì rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.